Sí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ ṣe epo ọkọ̀

Ẹ̀yin ọmọ Fìdítì, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ yáwó láti fi ẹ̀gẹ́ ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lù. Kò burú. Ẹ kọ́kọ́ wo ilé iṣẹ́ Addax Bioenergy ní Makeni, Sierra Leone, tó ń fi ìrèké ṣe tirẹ̀. Owó báńkì ńláńlá wà níbẹ̀, oko ìrèké lọ súà. Ẹ́tánọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2014, ọdún tí àrùn Ebola ń jà ní Sierra Leone. Ìrèké pàápàá kò pọ̀ tó bí wọ́n ti retí. Ní 2015, wọ́n dín iṣẹ́ kù. Ní 2016, wọ́n tà á fún Sunbird Bioenergy. Àwọn olówó mà nìyẹn o!

Kí ẹ tó dé báńkì, ẹ bá àwọn àgbẹ̀ Ìlọrá ṣàdéhùn iye owó. Bí gàrí bá gbówó lórí, ta ni yóò kó ẹ̀gẹ́ wá fún yín?