Olè Inú Ilé Ọlọ́run

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba nínú ẹjọ́ kan tí a dá ní ìlú Santiago de Compostela, ní ilẹ̀ Spéìn, ní ọdún 2015.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà ní ìlú náà tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ibi gbogbo. Láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń fi ẹsẹ̀ rìn wá síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, nítorí wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni a sin Jákọ́bù àpọ́sítélì sí. Lára ìṣúra ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni ìwé àfọwọ́kọ kan tí a ń pè ní Codex Calixtinus, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ju 800 ọdún lọ. Ìwàásù, orin ìsìn àti ìtàn iṣẹ́ ìyanu wà nínú rẹ̀. Ó sì ń júwe ọ̀nà fún àwọn tí ń bọ̀ wá jọ́sìn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, ọdún 2011, àwọn olùtọ́jú ìwé wo ibi tí wọ́n ń fi í pamọ́ sí, wọn kò bá a. Kò sí ilẹ̀kùn tí a já, kò sí fèrèsé tí a fọ́. Èyí ni ó mú kí àwọn ọlọ́pàá fura pé ẹni tí ó mọ ilé ni ó mọ ọ̀nà àká. Lẹ́yìn ìwádìí ọdún kan gbáko, wọ́n mú ọkùnrin kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà fún nǹkan bí ọdún 25, kí a tó dá a dúró. Inú ilé ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ ni a ti rí ìwé náà. Owó tí a bá nílé rẹ̀ ju 1,000,000 yúrò lọ.

Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2015, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Olùjẹ́jọ́ ti jẹ́wọ́ níwájú adájọ́ tí ó ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilé-ẹjọ́, ó ní òun kò rántí. Ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, níbi tí ó ti ń ka iye owó tí ó ń kó, kò gbàgbé ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwòrán tí ẹ̀rọ yà nígbà tí ó ń kó owó.

Ìdájọ́ jáde ní oṣù Kejì: ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ọdún 3 jẹ́ ti ìwé tí ó jí, ọdún 5 jẹ́ ti owó tí ó ń wọlé kó léraléra, ọdún 2 sì jẹ́ ti fífi owó olè pamọ́ sínú òwò. Èéṣe tí ẹ̀sùn owó fi wúwo ju ti ìwé lọ? Ní òfin Spéìn, ẹni tí ó fi kọ́kọ́rọ́ tí kò tọ́ sí i ṣí ilẹ̀kùn kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó já a. Olè jíjà lásán yàtọ̀ sí fífọ́lé.

Ilé-ẹjọ́ kò sì di gbogbo ìdílé náà sínú ìdì kan. Ìyàwó gba ẹ̀wọ̀n oṣù 6 nítorí owó náà. Ọmọ lọ ní àlàáfíà. Ìwà tí a fi ẹ̀rí múlẹ̀ ni a ń dá lẹ́jọ́, a kì í dá orúkọ ìdílé lẹ́jọ́.

Kọ́kọ́rọ́ tí a fi lé ènìyàn lọ́wọ́ kì í ṣe irin lásán, ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí àwọn ọlọ́pàá fura sí ẹni inú ilé?
2. Ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin olè jíjà àti fífọ́lé.
3. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: “Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.”