Olùkọ́ àti Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n lára ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbíní níhìn-ín. Ní oṣù kẹfà sí oṣù keje ọdún 2024, Báńkì Àgbáyé ṣètò ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ SS1 lẹ́yìn ìjáde ilé-ìwé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Copilot, ẹ̀rọ Microsoft tó ń dáhùn ìbéèrè, ni wọ́n lò. Nígbà ìdánwò, wọ́n ta àwọn tí kò sí nínú ètò náà yọ.

Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ṣe é. Olùkọ́ ló ń tọ́ wọn sọ́nà, òun náà sì ti kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́.

Àwa ńkọ́, tí a dàgbà sí ẹ̀yìn odi? Bí a bá tẹ “oko” láìsí àmì, ṣé oko ni, àbí òkò, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀? Bí ẹ̀rọ bá ṣì í, tí àmì ohùn kò sì yé olùkọ́, ta ni yóò tún un ṣe fọ́mọ? Ẹni tí yóò yáni lẹ́wù, ti ọrùn rẹ̀ là á wò.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ fi ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn ṣe gbólóhùn, kí ẹ tó bi ẹ̀rọ.