Ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti parí: kí ló kù nílé?

Lẹ́tà lórí jẹjẹrẹ pọ̀ lọ́wọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní àrùn náà, ti àwọn tó ti gba ìtọ́jú tán ni. Wọ́n ti gba oògùn kímò, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn mìíràn ti lọ sábẹ́ ẹ̀rọ onítànṣán. Ilé-ìwòsàn ti ní kí wọ́n máa lọ sílé, ẹbí sì ti ṣe ìdúpẹ́. Lẹ́yìn ọpẹ́ ni ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ara máa ń gba oṣù púpọ̀ kó tó padà sípò, ti ẹlòmíràn a tilẹ̀ ju ọdún kan lọ. A ti yọ orúkọ gbogbo àwọn tó kọ̀wé.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ kẹwàá rèé tí màmá wa gba kímò tó kẹ́yìn. Láti àná ni ara wọn ti ń gbóná, tí òtútù sì ń mú wọn. Aládùúgbò wa ní ibà lásán ni, ó ti bá wa ra oògùn ní kẹ́mísì. Àǹtí wa ní tiwọn ti se àgbo. Èwo ni ká kọ́kọ́ lò?* — Ọmọ wọn obìnrin, Abẹ́òkúta

Ẹ má lo ìkankan. Ẹ gbé màmá lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Lẹ́tà yìí ni mo fi ṣáájú nítorí pé nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, òun ló lè gba ẹ̀mí kíákíá jù. Ohun tó bá ń yára pọ̀ sí i nínú ara ni kímò máa ń pa. Jẹjẹrẹ ń yára pọ̀, ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn inú egungun tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ náà kì í sinmi. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ funfun, èyí tó ń bá àrùn jà fún wa, fi máa ń lọ sílẹ̀ jù láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tí ènìyàn bá gba oògùn náà. Kòkòrò tí ara ìbá ti lé dànù a ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa ẹni náà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ìgbóná ara bá ti dé 38 lórí ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n, tàbí tí òtútù bá ń gbọ̀n wọ́n, kò sí ìdúró mọ́. Ẹ má fi panadó bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹ máa wòye. Bí ẹ bá dé ilé-ìwòsàn, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn ni wọ́n gba kímò.” Kí ẹ sọ ọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá dá yín lóhùn, kí wọ́n má baà ní kí màmá lọ to sórí ìlà. Ó lè jẹ́ ibà lóòótọ́, ẹ̀fọn kò wọ́n nílùú wa. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe aládùúgbò.

Ní ti àgbo, n kò bá ewé jà. Lára èèpo igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí paclitaxel, ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ọmú. Lára òdòdó kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn síwájú ilé ni wọ́n ti rí vincristine. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwọ̀n oògùn tó wà nínú ìgò. Ta ló mọ ìwọ̀n tó wà nínú ìkòkò àgbo? Ẹ̀dọ̀ ló ń tú oògùn palẹ̀ nínú ara, òun náà ló ń tú àgbo palẹ̀, ẹ̀dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kímò kò sì tíì sinmi. Ẹ gbé àgbo tì ná. Bí màmá bá ti mu nínú rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fi pamọ́.

*Oṣù kejì rèé tí mo parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú. Gbogbo ènìyàn ní mo ti gbádùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbá yàrá kan, àfi kí n jókòó. Mo ń gbàgbé nǹkan. Ọmọ ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ mi ń kú. Ìyá ọkọ mi ní ìmẹ́lẹ́ ni mò ń ṣe. Ṣé àrùn náà ṣì wà lára mi ni?* — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òṣogbo

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ìmẹ́lẹ́, kì í sì í ṣe àmì pé àrùn ti padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá ọkọ yín gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ẹni tó ti oko dé, bó bá sùn, yóò jí gìrì. Àárẹ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ kì í gbọ́ ti oorun. Kímò ti jẹ nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ìtànṣán náà sì máa ń rẹ ènìyàn sí i bó ṣe ń lọ sópin, àárẹ̀ rẹ̀ a tún dúró fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù lẹ́yìn tó bá parí. Ohun àkọ́kọ́ ni kí dókítà wo ohun mìíràn tó lè fà á: bóyá ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, bóyá ẹ kì í sùn lóru, bóyá ìrora tàbí ìbànújẹ́ wà níbẹ̀ tí ẹ kò tíì sọ jáde. Àwọn wọ̀nyí ní ìtọ́jú tiwọn.

Bí wọn kò bá rí ìkankan nínú wọn, ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni ìrìn. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ fún ẹni tó rẹ̀ pé kó dìde rìn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ ni agbára wọn ń padà ju ti àwọn tó ń sùn lọ. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà ilé, ní àárọ̀ tí oòrùn kò tíì mú. Bó bá rọrùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Ibi tí a ń lọ ni ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún, ó sì lè gba oṣù mélòó kan kí ẹ tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí ara bá kọ̀, ẹ dín in kù, ẹ má pa á tì. Ẹ mọ wákàtí tí agbára yín máa ń wà, kí ẹ fi ṣe ohun tó bá jẹ yín lógún jù. Omi pípọn àti ata lílọ̀ lè di ti àwọn ọmọ fún àkókò yìí.

Ọmọ ìka tó ń kú, iṣan ìmọ̀lára ni oògùn ti bà jẹ́. Ti ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sàn láàárín oṣù díẹ̀, ti àwọn kan kì í lọ tán. Ohun tí mò ń bẹ̀rù níbẹ̀ ni ìpalára tí ẹ kò ní mọ̀ lára. Ẹ má fi ìka wo omi gbígbóná, ìgúnpá ni kí ẹ fi wò ó. Ẹ má rìn láìwọ bàtà, kódà nínú ilé, kí ẹ sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lálaalẹ́. Ìgbàgbé náà wọ́pọ̀, ó sì máa ń dínkù. Ní báyìí ná, ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀.

Oúnjẹ? Kò sí oúnjẹ kan tó ń pa jẹjẹrẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn gba owó yín. Ohun tí ara yín ń fẹ́ ni ohun tó máa fi tún ara rẹ̀ ṣe: ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́, èso. Ẹ sì dákun, ẹ jẹ́ kí ààwẹ̀ ìdúpẹ́ dúró díẹ̀ ná. Ọlọ́run tó yọ yín kò bínú sí ẹni tó ń jẹun kí ara rẹ̀ lè yá.

*Dókítà ní kí n máa lo Tamoxifen fún ọdún márùn-ún. Ó ń jẹ́ kí ooru mú mi gan-an lóru, owó rẹ̀ sì ń dùn mí. Ara mi ti yá. Ṣé mi ò lè dá a dúró? Apá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n gé, tún ń wú.* — Oníṣòwò kan, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Jẹjẹrẹ ọmú kan wà tó jẹ́ pé hómónù obìnrin ló ń bọ́ ọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún ní Tamoxifen, kó lè dí ẹnu ọ̀nà mọ́ hómónù ọ̀hún. Ìwádìí lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin fi hàn pé lílò ó fún ọdún márùn-ún dín ikú tí jẹjẹrẹ yìí ń fà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ọdún 15. Bí ara bá yá, kì í ṣe pé iṣẹ́ oògùn náà ti tán. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ooru náà fún dókítà, ọ̀nà wà láti dín in kù. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ owó náà fún un láìtijú, kó lè wo èyí tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú tó sì ń ro yín, tàbí tí èémí bá ń há yín, ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, ẹ tètè sọ. Ẹni tó bá ṣì lè bímọ kò gbọdọ̀ lóyún nígbà tó bá ń lò ó.

Ní ti apá, wọ́n ti yọ kókó inú abíyá, ọ̀nà tí omi ara ń gbà jáde níbẹ̀ sì ti dínkù. Wíwú yìí lè yọjú lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pàápàá. Bí a bá tètè mú un, ó ṣeé ṣàkóso, nítorí náà ẹ béèrè ẹni tó ń kọ́ ènìyàn ní eré ìdárayá apá ní ilé-ìwòsàn yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí apá yẹn láé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi gbígbóná àti agbára wọ́ ọ. Ẹ fi apá kejì gba abẹ́rẹ́, ẹ sì fi wọn ìfúnpá, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣeé ṣe. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń ro oko. Lọ́jọ́ tí apá náà bá pọ́n tó sì gbóná, kòkòrò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ gba oògùn.

*Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n rí àyà rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a má jọ sùn, pé jẹjẹrẹ ń ràn.* — Ọkọ kan, Adó-Èkìtì

Kì í ràn. Abọ́ jíjẹ, ibùsùn, ìbálòpọ̀, ìkankan kò gbé e. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba, kí ìyàwó yín gbọ́ pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ má fi ipá mú un, ẹ má sì sá fún un. Obìnrin tó ń fi àyà pamọ́ sábà máa ń rò pé ọkọ òun ti kórìíra òun. Kímò lè mú kí ojú ara gbẹ, ìpara sì wà fún un. Bí ẹ bá fẹ́ fètò sọ́mọ bíbí, ẹ má lo èyí tó ní hómónù nínú, ẹ lo rọ́bà, tàbí kí ẹ béèrè nípa èyí tí a fi kọ́pà ṣe.

Ẹ bá a lọ sí àyẹ̀wò. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi síra ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ní ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún, lẹ́yìn náà ọdọọdún, pẹ̀lú yíya àwòrán ọmú kejì lọ́dọọdún. Oorun kì í fẹ́ kun ojú bí ọjọ́ náà bá ń súnmọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí kókó tuntun bá yọ, tàbí ìrora egungun tí kò lọ, ikọ́ tí kò tán, ojú tó pọ́n bí ìyeyè, kó má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.

Ohun kan kù fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń parí ìtọ́jú. Ẹ gba ìwé tó sọ irú jẹjẹrẹ tí ó jẹ́, orúkọ oògùn tí ẹ gbà àti iye rẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe àti ibi tí ìtànṣán dé. Oògùn pupa tí wọ́n ń pè ní doxorubicin lè yọ ọkàn lẹ́nu lẹ́yìn ọdún púpọ̀, dókítà tí yóò rí yín nígbà náà sì lè máà jẹ́ ti òní. Ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ilé-ìwòsàn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ọmọ tàbí ẹbí tí ẹ fọkàn tán.