Yí I Padà, Ka Ẹ̀yìn Rẹ̀

Odode-Ìdànrè,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ìròyìn ti dé ilé pé fọ́tò ìpolówó ọjà ayé àtijọ́ lò ń kó jọ báyìí l'Ékòó: obìnrin tó gbé agolo mílíìkì dání, géńdé tó gun kẹ̀kẹ́ Raleigh, ìyàwó ilé tó ń rẹ́rìn-ín sí ọṣẹ ìfọṣọ. Bàbá rẹ ní owó lò ń fi ṣòfò. Bàbá rẹ kékeré kò gbà bẹ́ẹ̀, òun ló fà á tó fi jókòó kọ ìwé yìí. Iṣẹ́ gidi lo dáwọ́ lé, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Owó kòkó wà lára ohun tó bí àwọn àwòrán wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí kòkó ń pa owó wọlé fún àgbẹ̀ Ìdànrè, Oǹdó àti Iléṣà, ẹni tó bá ní ohun títà mọ̀ pé ibi tí kòkó wà lowó wà. Bíà Star jáde l'Ékòó ní 1949. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tirẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962. Bournvita náà dé, ohun mímu tí wọ́n fi kòkó ṣe, wọ́n wá ń polówó rẹ̀ fún ọmọ àgbẹ̀ tó gbin kòkó. Gbogbo ìwọ̀nyí ló nílò ayafọ́tò. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó tó ti pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà ni West African Publicity, tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1928, tí a wá mọ̀ sí Lintas nígbà tó yá. Inú yàrá òkùnkùn, níbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ò ń wá ti jáde.

Kí o tó sanwó, mọ ohun tí wọ́n ń tà fún ọ. Àlímánáàkì kì í ṣe fọ́tò. Ojú ìwé tí wọ́n gé nínú mágásíìnì Drum kì í ṣe fọ́tò. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló tẹ àwọn wọ̀nyẹn jáde ní òbítíbitì. Gbé awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lé e: bí o bá rí àmì tótòtó tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ìwé títẹ̀ ni. Fọ́tò tí wọ́n fọ̀ nínú kẹ́míkà kò ní tótòtó bẹ́ẹ̀. Dúdú rẹ̀ máa ń yọ́ wọnú funfun díẹ̀díẹ̀. Àlímánáàkì àtijọ́ náà dára, kó o bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má san owó fọ́tò lé e lórí.

Lẹ́yìn náà, yí i padà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó fọ́tò jọ kì í wò, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ní ilé-iṣẹ́ ìpolówó, irinṣẹ́ ni fọ́tò jẹ́, wọn kì í gbé e kọ́ ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ lè ní òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà iṣẹ́, orúkọ oníbàárà, ọjọ́ tí ìwé ìròyìn fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Níwájú, wàá rí ìlà pẹ́ńsù pupa níbi tí wọ́n ní kí wọ́n gé e dé. Wàá rí ọ̀dà funfun tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kùn sára lébẹ́ẹ̀lì ìgò kí orúkọ ọtí lè hàn, tàbí tí wọ́n fi pa wáyà iná rẹ́ lẹ́yìn orí obìnrin. Àwọn tó ń tà á máa ń nu gbogbo èyí kúrò kí ó lè mọ́. Má jẹ́ kí wọ́n nù ún. Ìlà pupa yẹn ni ẹ̀rí pé fọ́tò náà ṣiṣẹ́.

Ohun tí ẹ̀yìn yẹn kì í sábà ní ni orúkọ ayafọ́tò, nítorí oníbàárà ló ni iṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó máa dùn ọ́ lọ́kàn. Ní 1991, wọ́n pàtẹ àwọn fọ́tò kan láti Bamako ní New York, níbi ìpàtẹ tí wọ́n pè ní Africa Explores, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò mọ ẹni tó yà wọ́n. Ẹni tó yà wọ́n wà láàyè, ó sì wà nílé rẹ̀ ní Bamako: Seydou Keïta ni. Ó di ìgbà tí André Magnin, tó ń ṣètò ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, wá a lọ sí Mali kí orúkọ rẹ̀ tó dé etí ayé. Kọ́ ẹ̀kọ́ kan sí i lára Keïta. Fọ́tò kéékèèké, sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18, ló sábà máa ń fọ̀ fún oníbàárà. Àwọn gàgàrà tó kún ilé ìpàtẹ ní Yúróòpù, láti ọdún 1990 síwájú ni wọ́n fọ̀ wọ́n láti ara nẹ́gátífù rẹ̀. Tirẹ̀ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kékeré ló gba ọwọ́ àwọn èèyàn ìgbà náà kọjá. Kékeré yẹn ni kí o máa wá.

Ní tiwa ńkọ́? Ẹni tó yẹ kí o mọ̀ bí ẹni mowó ni J.D. 'Okhai Ojeikere. Wọ́n bí i ní 1930 ní ilẹ̀ Emai tó wà ní ìpínlẹ̀ Edo òde òní. Ní 1950 ó ra kámẹ́rà Brownie, ní 1954 ó dé Ìbàdàn, ó di ọmọ iṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn àwọn oníṣẹ́ ìròyìn ìjọba, ó sì tún ya fọ́tò fún tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Láti 1963 títí di 1975, ilé-iṣẹ́ West African Publicity ló ti ṣiṣẹ́. Irun obìnrin ni ayé fi mọ̀ ọ́n, àwòrán irun dídì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, tó sì tó ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n wo àwọn irun yẹn dáadáa: ẹ̀yìn àwòrán mọ́ láìsí nǹkan kan, orí kọ ẹ̀yìn sí wa, okùn irun kọ̀ọ̀kan hàn ketekete. Ọwọ́ ẹni tí ń ya ọjà fún ìpolówó lójoojúmọ́ ni bàbá rẹ kékeré rí níbẹ̀. Ojeikere kú ní 2014, ọdún náà sì ni Bisi Silva àti ibùdó iṣẹ́ ọnà CCA Lagos gbé ìwé ńlá jáde nípa iṣẹ́ rẹ̀. Wá ìwé yẹn kí o tó ra fọ́tò mìíràn.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé ìpolówó kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Ní 1922, ayafọ́tò Paul Outerbridge ya kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí wọ́n gbé lé pátákó dúdú-àti-funfun, láti fi polówó rẹ̀ nínú Vanity Fair ní Amẹ́ríkà. Marcel Duchamp, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, fà á ya nínú ìwé náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi iṣẹ́ rẹ̀. Nítòsí wa, James Barnor, tí wọ́n bí ní Accra ní 1929, lọ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò aláwọ̀ lókè òkun, ó padà sí Ghana láti fi í lélẹ̀ níbẹ̀, ó sì ya obìnrin fún kàlẹ́ńdà ilé-iṣẹ́ epo Agip ní 1974. Kàlẹ́ńdà ilé epo! Àwòrán yẹn wà lára àwọn tí ayé ń wárí fún lónìí.

Ní ti ayédèrú, wá iná aláwọ̀ àlùkò tí àwọn báńkì fi ń yẹ náírà wò. Ní 1999, àṣírí tú ní Amẹ́ríkà pé àwọn fọ́tò Lewis Hine kan, tí wọ́n ti ń tà lówó gọbọi bí ẹni pé Hine fúnra rẹ̀ ló fọ̀ wọ́n, ń tàn yòò lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀. Hine ti kú ní 1940. Bébà tó ń tàn bẹ́ẹ̀ kò tíì sí lọ́jà nígbà ayé rẹ̀, ọdún 1950 ó lé ló dé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ọdún 1938 ni fọ́tò kan, tó sì ń tàn, fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní 1965 ni, títàn rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Bébà tí wọ́n fi rọ́bà bò pẹ́ kó tó dé, nǹkan bí ìparí ọdún 1960. Fọ́tò "1955" tí wọ́n fọ̀ sórí rẹ̀, ẹ̀dà ẹ̀yìnwá ni.

Ọ̀tá fọ́tò ní ilẹ̀ wa ju ayédèrú lọ, ọ̀rinrin ni. O mọ bí òjò Ìdànrè ṣe ń rí láàárín àwọn òkè yìí: ògiri a máa làágùn, bàtà á hu funfun. Má kó fọ́tò sí abẹ́ àjà, má gbé e ti ògiri tó kọjú síta. Fọ́tò tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, má fipá ṣí i. Jọ̀wọ́, má ṣe láámínéètì ohunkóhun! Ooru àti gọ́ọ̀mù ẹ̀rọ yẹn kì í jẹ́ kó ṣeé tú mọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé níbí ló sì ti fi ìfẹ́ ba fọ́tò òbí wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀. Sẹ́lótéèpù, rárá. Báírò lẹ́yìn fọ́tò, rárá. Pẹ́ńsù ni, kó fúyẹ́, ní etí. Bí nẹ́gátífù bá ń rùn bí ọtí kíkan, yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kù lọ́jọ́ náà gan-an.

Rírà kò sọ ọ́ di ẹni tó lè tẹ fọ́tò náà sára aṣọ tàbí páálí ọjà. Òfin wà tó dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, Copyright Act ti 2022. Má sì ra ohun tí wọ́n fà ya nínú álíbọ́ọ̀mù ìdílé láìjẹ́ pé ìdílé náà mọ̀ sí i.

Ohun kan ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí. Àwọn tó ya fọ́tò wọ̀nyẹn, àwọn tó dúró síwájú kámẹ́rà, àwọn tó fi búrọ́ọ̀ṣì kun lébẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ wọn ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún. Bi wọ́n léèrè: ta ni obìnrin yìí, èló ni wọ́n san fún un, ta ló gbé iná? Gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, kọ ọ́ sínú ìwé, kí o sì fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó bá ti inú ìwé mu.

Nígbà tí o bá wálé, Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ó lọ sí Alade. Fọtogíráfà kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ní àwọn páálí Kodak àti Agfa tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í léèrè nípa wọn. A ti bá a sọ̀rọ̀, ó ní ká wá. Mú iná aláwọ̀ àlùkò náà dání, mú ìwé àti pẹ́ńsù, má tíì mú owó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ kékeré.