OMI NÍNÚ INÁ IWÁJÚ MỌ́TÒ

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún awakọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò ní mọ́tò náà kà á. Gbogbo wa ni à ń wọkọ̀ láti Ìgbẹ́mọ lọ sí Adó, alẹ́ a sì máa lẹ́ bá wa lọ́nà.

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ wo iwájú ọkọ̀ ní òwúrọ̀. Nígbà mìíràn, inú iná kan á ti ṣú bí ojú ọjọ́ ìgbà ọyẹ́. Níbo ni omi gbà wọlé?

Ẹ rántí ìkòkò ìrẹsì. Bí ẹ bá ṣí i, omi á máa kán lábẹ́ ìdérí. Kò sí ẹni tí ó da omi síbẹ̀. Ooru omi ni ó gòkè, tí ó kan ìdérí tí kò gbóná tó ìkòkò, tí ó sì di omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú iná mọ́tò rí. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò kún fún omi tí ojú kò rí. Bí òjò bá mú ojú iná tutù, omi náà á fara hàn.

Ẹnì kan á ní, "Ṣebí wọ́n dí i pa ni?" Rárá o. Irú èyí tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 1940, odidi gíláàsì ni, wọ́n sì dí i pa. Bí ó bá bàjẹ́, a ó jù ú nù. Ti ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, ike ni ojú rẹ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ó sì ní ihò kékeré tí ó fi ń mí.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìkùukùu ni àrùn. Bí ó bá fẹ́lẹ́, tí ẹ tan iná, tí ẹ wakọ̀ díẹ̀, tí ó sì lọ, ẹ fi í sílẹ̀. (Ojú iná LED kì í gbóná tó ti gílóòbù, tirẹ̀ lè pẹ́ díẹ̀.) Ṣùgbọ́n bí omi bá dúró nísàlẹ̀ bí omi inú abọ́, ẹ má fi ṣeré. Omi á fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Ẹ kò ní tètè rí ìyá tí ó ru igi létí títì, ìmọ́lẹ̀ á sì máa kọ mànà lójú awakọ̀ tí ń bọ̀. Bí omi bá ta sí gílóòbù gbígbóná, gílóòbù lè là.

Ẹ̀yìn iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Rewáyà á pààrọ̀ gílóòbù, kò ní dá rọ́bà ìdérí padà! Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó. Òkúta náà lè la ojú iná, gọ́ọ̀mù tòkunbọ̀ sì lè ti gbó.

Ẹ pa iná, kí ó tutù. Ẹ fi aṣọ mímọ́ yọ gílóòbù. Òróró ọwọ́ kò dára fún un. Ẹ tú iná, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Ẹ má yá a níná, ike á yọ́. Ẹ má nu àwo dídán inú rẹ̀, á họ. Àwọn kan a máa ní kí a kó ìrẹsì tì í kí ó fa omi. Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ kẹ̀? Ẹnu ni ó wà fún. Àwọn mìíràn a máa lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Eruku á gba ibẹ̀ wọlé.

Bí ó bá gbẹ tán, ẹ fi gọ́ọ̀mù àwọn oníṣẹ́ gíláàsì dí ibi tí ó là, ṣùgbọ́n ẹ má dí ihò tí ó fi ń mí. Ẹni tí ó dí i kí ó tó gbẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì, ẹ mú ìwé àti kálàmù. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí omi, iná tí ó wà, àti bóyá òjò ni tàbí fífọ ọkọ̀. Bí ẹ bá ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, kò ní rọrùn kí wọ́n ní kí ẹ ra iná méjèèjì. Ẹ ka èyí:

"Ọjọ́ Ajé. Òjò rọ̀ lóru. Omi wà nínú iná òsì, kò sí nínú ti ọ̀tún. Mo wakọ̀ lọ sí Adó, mo padà dé, kò tíì gbẹ."

Kí ni ẹ ó ṣe sí iná òsì yẹn? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé.