Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: Ẹ̀kọ́ fún òṣìṣẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló mọ iṣẹ́ wọn bí ẹní mowó, síbẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé lọ́jọ́ kan, àṣírí yóò tú pé àwọn ò mọ nǹkan kan. Bí àpẹẹrẹ, ẹ wo akáúńtáǹtì kan tó fi òru ṣiṣẹ́ títí tó fi rí ibi tí owó ilé-iṣẹ́ ń gbà jò. Nígbà tí ìpàdé dé, ó gbé ìwé rẹ̀ fún ẹlòmíràn pé kó bá òun kà á. Nígbà tí fọ́ọ̀mù ìgbéga jáde, kò gbà á, ó ní ipò náà ju òun lọ. Kò pẹ́, ẹni tó bá a ka ìwé ló di ọ̀gá lé e lórí. Kì í ṣe ayé ló ṣe é, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Lọ́dún 1978, àwọn obìnrin onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì l'Amẹ́ríkà, Pauline Clance àti Suzanne Imes, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tó lé ní 150 tí wọ́n yọrí nídìí iṣẹ́ wọn. Pẹ̀lú gbogbo oyè tí wọ́n ní, wọ́n gbà pé oríire lásán ló gbé àwọn débẹ̀. Adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ó ń ṣe ọkùnrin náà. Michelle Obama pàápàá sọ ní London lọ́dún 2018 pé ó ṣì ń ṣe òun.

Ìwà jẹ́jẹ́ kì í ṣe àléébù. Ẹni tó ń gbọ́ ju bó ṣe ń sọ lọ máa ń rí ohun tí aláriwo fojú fò. Sísá fún ohun tó tọ́ síni ló ń bani jẹ́.

Àkọ́kọ́, ẹ máa kọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe sínú ìwé kékeré kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú déètì àti iye owó tó mú wọlé tàbí tó kó yọ. Bí ọkàn bá ní ẹ ò ṣe nǹkan kan, ìwé á jẹ́rìí.

Èkejì, ẹ fi kókó ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí ọ̀gá kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tètè sọ gbólóhùn kan níbẹ̀. Bó bá ṣe ń pẹ́ ni ẹ̀rù ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá yìn yín, ẹ má ní "kò tó nǹkan." "Ẹ ṣeun" ti tó.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ tó kọ ìgbéga, ẹ bi ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ yín bóyá ẹ kúnjú òṣùwọ̀n. Ẹ má fi ẹ̀rù nìkan ṣe olùdámọ̀ràn.

Fọ́ọ̀mù mìíràn ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ gbà á, kí ẹ sì kọ orúkọ yín sí i.