Omi Ò Lọ́tàá: Bí A Ṣe Lè Fẹ́ràn Òjò Nílùú Èkó

Àwọn àgbà ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Àwọn àgbà kan náà ló tún ní omi ò lọ́tàá. Bí èèyàn bá gbé òwe méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó lè rò pé wọ́n ń jà. Wọn ò jà. Òwe àkọ́kọ́ ń sọ ìwà òjò fún wa: kò mọ olówó, kò mọ mẹ̀kúnnù, kò mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀. Òwe kejì ń sọ ìwà tó yẹ àwa: bó ti wù kí òjò pa wá tó, a ò lè sọ ọ́ di ọ̀tá, nítorí òun la ó bù mu, òun la ó bù wẹ̀, òun la ó fi rokà. Fẹlá Aníkúlápó Kútì mú òwe kejì yìí, ó fi kọ orin lọ́dún 1975, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé Èkó láìfi oṣù mẹ́jọ nínú ọdún bínú, àfi kó mú òwe méjèèjì dání.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí mo ti bá òjò bínú rí. Ní abúlé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí ojú ọ̀run bá ṣú, ayọ̀ ni. Bàbá mi á bọ́ síta, á kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, á ní, "Iṣu ti rí oúnjẹ." Ìgbà tí mo dé Èkó ni mo tó mọ̀ pé òjò kan náà lè sọ ọkàn èèyàn di ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹfà, mo wọ ṣòkòtò funfun jáde ní Ìyànà Ìpájà, mo ń lọ sí Ìdúmọ̀tà. Mi ò mú agbòjò. Òjò ká mi mọ́ Òṣòdì. Mo sá wọ abẹ́ bíríìjì láàárín àwọn ọlọ́kadà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Ìyá kan tó ń sun àgbàdo níbẹ̀ wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ta lò ń bá jà? Ṣé oṣù kẹfà la ò ní í rójò ni? Jókòó, jẹ àgbàdo." Mo jókòó, mo jẹ àgbàdo. Kí òjò tó dá, ojú ti mí. Òjò ò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mi ò múra dè é.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń sọ pé a kórìíra òjò, àìmúra ló ń bí wa nínú. Ẹni tó bá ti múra, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á wá ráyè rí ohun tó dára lára òjò. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé ká mọ ìrìn òjò. Àlejò tí a bá mọ ọjọ́ tó ń bọ̀ kì í bá ilé ní àìgbá. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti orí Òkun Àtìláńtíìkì, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ló ń gbé òjò wá fún wa. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ ló ń lé e padà sókun. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, agbára ọyẹ́ ti pin, òjò àkọ́rọ̀ á dé tòun ti ìjì àti àrá. Oṣù kẹfà ni òjò Èkó máa ń pọ̀ jù. Á dẹwọ́ nínú oṣù kẹjọ, á tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Lọ́pọ̀ ọdún, òjò tó ń rọ̀ sí Èkó ń ju mílímítà 1,500 lọ. Ká ní gbogbo rẹ̀ lè dúró lójú kan, kí ilẹ̀ má fà á mu, kí oòrùn má sì gbẹ ẹ́, yóò bo ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ́lẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù a máa ráhùn òjò, bẹ́ẹ̀ òjò ọdún kan níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 600 lọ. Tiwọn ń sẹ̀ wínníwínní jálẹ̀ ọdún. Tiwa ń dà bí ìgbà tí wọ́n dojú àmù dé. Ìdí nìyí tí aṣọ òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọmọ ìyá wa rà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́ kì í fi í pẹ́ sú ni ní Àgègé. Òjò ìlú ẹni la ń múra dè.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìsinmi oṣù kẹjọ tàn yín. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn, tó gbé ilé, tó gbé èèyàn lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni omíyalé mìíràn tún ba ìlú kan náà jẹ́. Oṣù tí a ní òjò ń sinmi ni méjèèjì bọ́ sí.

Ìmọ̀ràn kejì: ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí oṣù kẹta tó wọlé, jẹ́ kí káfíńtà gun orí ilé lọ wo páànù. Ìṣó kan ṣoṣo tó yẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè ba gbogbo àjà jẹ́ tó bá di oṣù kẹfà. Ra agbòjò tí irin rẹ̀ nípọn nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn. Èyí tí àwọn ọmọ ń sá kiri tà láàárín ọkọ̀ nígbà tí òjò bá ti ṣú, ọ̀wọ́n ni, ìjì kékeré sì ti yí i padà. Nínú báàgì rẹ, fi ọ̀rá tó nípọn sí i fún fóònù àti ìwé, kí ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan àti ṣẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀. Wọ bàtà rọ́bà jáde, kó o gbé bàtà iṣẹ́ dání. Òjò ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í ba ọjọ́ èèyàn jẹ́. Aṣọ tútù tó lẹ̀ mọ́ni lára láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń bà á jẹ́.

Ìmúra tó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ ni ti àkókò. Ní Èkó, òjò wákàtí kan lè sọ ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú di wákàtí mẹ́ta. Tètè jáde, bí o bá sì rí i pé o ò ní tètè dé, pe ẹni tó ń retí rẹ, kí ọkàn ẹ̀yin méjèèjì balẹ̀. Bí òjò bá ká ọ mọ́ ọ̀nà, dúró. Omi tó ń ṣàn kíkankíkan, bó jẹ́ ìdajì ojúgun, lè gbá àgbàlagbà ṣubú. Tó bá dé orúnkún, ó lè gbé ọkọ̀. O ò sì mọ ibi tí gọ́tà aláìlómorí wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí ibi tí wáyà iná já sí. Kò sí iṣẹ́ tó ju ká lọ ire, ká bọ̀ ire.

Nígbà tí o bá sì dúró, má fi ìgbà náà pòṣé. Kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ: "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o." Yorùbá ò ṣàdédé ní kíkí yìí. Ó ń sọ fún ẹnìkejì pé òtútù tó mú un mú ìwọ náà. Èkó tí ẹnikẹ́ni kì í wojú ẹnikẹ́ni nínú oòrùn, òjò ló ń kó òṣìṣẹ́ báńkì, alábàárù àti ìyá ọlọ́mọ jọ sábẹ́ òrùlé kan. Pé ẹni eji bá rí leji ń pa, ẹ̀kọ́ ìrẹ̀lẹ̀ ló wà ńbẹ̀ fún gbogbo wa.

Ìmọ̀ràn kẹta, gba ẹ̀bùn tó gbé wá. Bí òjò mílímítà kan bá rọ̀ sórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan, lítà omi kan ni. Páànù tó gùn ní mítà márùn-ún, tó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ sí i, lítà 1,000 ni yóò dà sílẹ̀. Òjò ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹfà lè tó bẹ́ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà ogójì nìyẹn, tí ò bá rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ páànù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀, eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń kọ́kọ́ ṣàn wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé dúrọ́ọ̀mù rẹ sí i. Fi fọ aṣọ, wàá rí bí ọṣẹ ṣe ń hó nínú rẹ̀. Fi nulẹ̀, fi dà sí ṣáláńgá. Má sì mu ún láìsè é. Dé e dáadáa, nítorí ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, da omi tó dúró sínú táyà àti agolo nù, kí gbogbo ilé sì máa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì.

Ìmọ̀ràn kẹrin, fi imú, etí àti ẹnu jẹ ìgbádùn rẹ̀. Òórùn tí òjò àkọ́rọ̀ ń gbé dìde nínú erùpẹ̀, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú ilẹ̀ ló ń ṣe é. Geosmin ni àwọn onímọ̀ ń pe èròjà náà. Gbogbo èéfín ọkọ̀ Èkó kò tí ì lè pa òórùn yẹn. Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, kọ́ àwọn ọmọ láti ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́ọ́rọ́wọ́, títí àrá yóò fi sán. Bí ẹní ka ìṣẹ́jú-àáyá ni kí wọ́n kà á. Mẹ́ta dúró fún kìlómítà kan. Bí kò bá tó ọgbọ̀n, kí wọ́n tètè wọlé, kí wọ́n má dúró lábẹ́ igi. Ọmọ tó bá mọ ibi tí àrá wà, jìnnìjìnnì rẹ̀ á dín kù. Yan oúnjẹ kan tó jẹ́ ti ọjọ́ òjò nílé rẹ: ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, tàbí àgbàdo sísè pẹ̀lú àgbọn. Lóru, bí òjò bá ń lu páànù, pa fóònù, kó o tẹ́tí. Bó bá dá láàárọ̀, jáde wo bí ewé igi fúrúùtù ṣe ń dán, bí eruku ṣe wẹ̀ kúrò lójú ọ̀run tí ọ̀sà fi hàn kedere láti orí bíríìjì Third Mainland.

Mi ò lè parí ọ̀rọ̀ yìí kí n má kan ẹni tí omi bá lórí ibùsùn. Ojú mi ò ní lè gbà á láti sọ fún un pé kó fẹ́ràn òjò. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n onílé kan ò lè dá a ṣe. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a jù láti inú dánfó ní òkè àdúgbò ni yóò dí gọ́tà fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Kí àdúgbò jọ kó gọ́tà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì gbé ẹrẹ̀ tí wọ́n kó jáde kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ létí gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ ló ń dá a padà sínú. Kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sójú omi. Kí ẹni tí ilé rẹ̀ wà lókè ṣílẹ̀kùn fún aládùúgbò tí tirẹ̀ wà ní kòtò. Ẹni tó ní òun fẹ́ràn òjò tí kò bìkítà fún gọ́tà, ẹnu lásán ló fi fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn baba wa a máa sọ ọmọ tí a bí nínú òjò ní Béjidé, ọmọ tó bá eji dé. Wọn ò sọ pé òjò ba ọjọ́ ayọ̀ wọn jẹ́. Wọ́n fi orúkọ ọmọ dúpẹ́ pé àlejò méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tí à ń gbé láàárín bíríìjì àti títì ọlọ́dà, òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí wa. Ẹ yẹ agbòjò yín wò lónìí. Ẹ kó gọ́tà iwájú ilé yín ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù sẹ́nu ọ̀ṣọ̀rọ̀. Omi ò lọ́tàá. Kí ìṣọ̀tá má ṣe ti ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀.